Àkọ̀ Idà àti Àpò Ìbọn: Ohun tí ó ń pa Irin mọ́ àti ohun tí ó ń bà á jẹ́

Ní Òkèrèwè àti ní àwọn àdúgbò Ifẹ̀ yòókù, àwọn agbo ilé wà tí idà ogún ṣì ń bẹ lórí àjà wọn, tí ìbọn ṣakabùlà sì fẹ̀yìn ti ògiri, nígbà tí àwọn tí ó ni wọ́n ti di ará ọ̀run. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ẹ̀yìn odi a máa ránṣẹ́ sílé pé kí a wá awọ dáradára, kí a fi rán àkọ̀ tuntun fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó má bàa bàjẹ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣọ́ra, àkọ̀ tuntun náà gan-an ni yóò jẹ irin náà run.

Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ó mọ ìtọ́jú irin ju Ilé-Ifẹ̀ lọ. Ní ààfin Ọọ̀ni ni òkìtì irin Ògún Ládìn wà, ìtàn sì sọ pé Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni a ti gbé idà ńlá tí a ń fi lé Aláàfin tuntun lọ́wọ́ wá, àti pé láìsí idà yìí, Aláàfin kò ní àṣẹ láti pa ẹnikẹ́ni.

Àwọn baba wa ní, “Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.” Òwe yìí dá idà lẹ́bi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ní apá kejì tí a kì í sábà rò: àkọ̀ pẹ̀lú a máa ba idà jẹ́. Awọ ewúrẹ́ tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ àti ní ilẹ̀ Hausa mọ̀ dunjú kì í ṣe awọ lásán. Èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bàgàrúwà ni a fi ń ṣe é kí ó má bàa rà. Irú awọ bẹ́ẹ̀ láti Kano àti Sokoto ni àwọn oníṣòwò ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá sí Mòrókò, tí àwọn òyìnbó fi rò pé Mòrókò ni a ti ṣe é, tí wọ́n sì fi orúkọ ibẹ̀ pè é. Nǹkan kíkan kan wà nínú èso yìí. Òun náà ni àwọn ará Europe ìgbàanì ń rí nínú kókó igi mìíràn, tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn irin láti fi ṣe tàdáwà, tí yóò sì dúdú kirikiri. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: bí ọ̀rinrin bá wọ inú àkọ̀ awọ, tàdáwà ni idà náà ń ṣe lára ara rẹ̀. Àbàwọ́n dúdú ni yóò kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ìpẹtà.

Awọ tí a ń fi oògùn òyìnbó ṣe, èyí tí ó gbilẹ̀ láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1884, kò yàtọ̀ púpọ̀ ní ti èyí. Bí a kò bá fọ iyọ̀ àti omi kíkan inú rẹ̀ kúrò dáadáa, irin ni yóò jìyà rẹ̀. Idẹ ńkọ́? Ọ̀rá inú awọ a máa bá a jà, a sì máa fi ohun aláwọ̀ ewé bò ó.

Ogun mú ìbọn pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1849 ìlú Ifẹ̀ tú, àwọn ènìyàn wa sì sá lọ sí Ìsọ̀yà. Wọ́n padà ní 1854. Ní 1882, nígbà ogun Kírìjì, ìlú tún tú, 1894 ni a tó padà wálé, ní ìgbà Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe. Ṣakabùlà tí a ṣe ní Birmingham àti ní Liège ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìgbà náà. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé òjò ni ọ̀tá rẹ̀, wọ́n a fi awọ ẹran bo ibi tí iná ti ń ṣẹ́. Ohun tí ó ṣòro jù ni eérú ẹ̀tù, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ tí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìbọn tí a yìn tí a kò fi omi gbígbóná fọ̀, kí a sì gbẹ ẹ́, kò sí àpò tí ó lè gbà á sílẹ̀. Epo pupa kò sì dára fún un, nítorí pé ó kan.

Ìbọn ìléwọ́ nínú àpò awọ lára ìgbànú jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀gá ológun òyìnbó mú wá. Ìgbànú wọn olókìkí, Sam Browne, ni a fi orúkọ ọ̀gá kan pè, ẹni tí ó pàdánù apá òsì rẹ̀ lójú ogun ní Índíà ní 1858. Ṣùgbọ́n láti 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi aṣọ òwú líle rọ́pò awọ fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó jà ní Burma láàrin 1943 àti 1945 mọ ìdí rẹ̀: nínú igbó olójò, awọ a máa hu èéhù.

Ní ti ohun tí a ń tẹ́ sínú àpò, aṣọ àrán àti irun àgùntàn dára lójú, ṣùgbọ́n àwa kò fẹ́ràn wọn. Wọ́n ń mu omi, eruku ọyẹ́ sì ń fara pamọ́ sínú wọn. Yanrìn ni púpọ̀ nínú eruku yìí, ó le ju àwọ̀ aró tí a fi rẹ irin ìbọn lọ. Nígbàkúùgbà tí a bá ń fà á yọ, ó ń ha á ni. Awọ tí ojú dídán rẹ̀ kọ sí inú sàn jù. Ike líle ti òde òní kì í mu omi, àmọ́ bí a kò bá nù ún, yanrìn inú rẹ̀ yóò ha irin náà bákan náà.

Fún ìgbé lọ gbé bọ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Kò sí ọ̀kan tí ó yẹ fún ìfipamọ́. Ẹ fa idà yọ nínú àkọ̀. Ẹ nu òógùn ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa á, ẹ fi aṣọ òwú funfun tí a kò rẹ láró wé e, kí ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ. Àkọ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ di ìdànù. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi yanrìn ha idà ogún kí ó lè dán: ojú òòlù alágbẹ̀dẹ ni ẹ ń pa rẹ́.

Ẹni tí ó bá rí ìbọn ìléwọ́ nínú ẹrù bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Òfin ìbọn ti 1959 kà á léèwọ̀, àní ti àtijọ́ pàápàá, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ó lọ. Bákan náà ni ti ẹni tí ó fẹ́ gbé idà ogún lọ sí òkè òkun: láti 1979 ni òfin ti ní kí a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí ohun àtijọ́ tó kúrò ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tí yóò fi tiwọn sílẹ̀ ní ilé, ẹ yan ẹnì kan nínú agbo ilé tí yóò máa tú aṣọ náà wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá dá.