Fọ́tò àgbékalẹ̀ lórí ìpatì ẹran ọ̀sìn

Fọ́tò àgbékalẹ̀ lórí ìpatì ẹran ọ̀sìn jẹ́ ọ̀nà ìpolongo kan, níbi tí ayàwòrán ti máa ń ṣètò ẹranko, aṣọ, ohun èlò àti ìmọ́lẹ̀ kí ó tó ya àwòrán, láti mú kí àwọn ènìyàn kíyè sí ajá, ológbò àti àwọn ẹran mìíràn tí ẹni tó ni wọ́n ti pa tì. Ó yàtọ̀ sí fọ́tò ìròyìn, èyí tí a máa ń yà bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ṣe ń lọ.

Ìpatì ẹran ọ̀sìn

Nílẹ̀ Yorùbá, ajá a máa ṣọ́ ilé, a sì máa bá ọdẹ wọ igbó. Ọ̀pọ̀ ilé a máa fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ, débi pé pípe ajá lè jẹ́ ọ̀nà láti fèsì fún aládùúgbò. Ajá tí wọ́n bá pa tì di ajá ìgboro: kò sí ẹni tí ń pè é lórúkọ, kò sí ẹni tí ń bọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí yóò mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lára ohun tí ó máa ń fa ìpatì ni kíkó kúrò nílé, ikú ẹni tó ni ẹran, àìsàn, àti ọmọ ajá tí ó pọ̀ ju èyí tí ilé lè bọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìlera ènìyàn. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, ajá ni ó ń fa nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 àrùn dìgbòlugi tí ń ran ènìyàn. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń là á já. Àjọ náà ní kí ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 ajá gba abẹ́rẹ́ kí àrùn náà tó lè dáwọ́ dúró.

Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka fífi ìyà tí kò nídìí jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí ó dá lórí ìpatì ẹranko ní pàtó jáde ní ọdún 1960.

Ìtàn

Fọ́tò àgbékalẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pa pọ̀, ayàwòrán a máa lo àwòrán èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀ nínú fọ́tò kan. Báyìí ni àgbékalẹ̀ ṣe ń mú ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá síwájú ẹni tí ń wo àwòrán.

Ní Amẹ́ríkà, William Wegman bẹ̀rẹ̀ sí í ya ajá rẹ̀, Man Ray, ní àwọn ọdún 1970, bí ìgbà tí a bá ń ya ènìyàn. Ní ọdún 2014, Sophie Gamand, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó pè ní Flower Power. Ó fi òdòdó ṣe adé fún àwọn ajá pit bull tí ó wà ní ilé ìtọ́jú ajá àpatì, ó sì yà wọ́n. Irú ajá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì ń mú kí ó ṣòro fún wọn láti rí ẹni tí yóò gbà wọ́n sílé. Ìwé àwọn fọ́tò náà jáde ní ọdún 2018.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ kan tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni The Hyena & Other Men tí Pieter Hugo, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, yà láàárín ọdún 2005 sí 2007. Ó ní kí àwọn eléré tí Haúsá ń pè ní Gadawan Kura dúró pẹ̀lú ìkookò àti ọ̀bọ wọn ní ìlú bíi Abuja àti Ògèrè Rẹ́mọ. Ọ̀pọ̀ òǹwòran bèèrè nípa ìyà tí ń jẹ àwọn ẹranko náà. Hugo ní ó yẹ kí a tún bèèrè ohun tí ó mú kí ènìyàn máa fi ẹranko igbó wá oúnjẹ.

Àríyànjiyàn

Àgbékalẹ̀ lè di ẹ̀tàn. Àwọn kan ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹranko sínú ewu kí wọ́n lè ya fídíò bí wọ́n ṣe ń dóòlà rẹ̀. Ní ọdún 2021, YouTube kéde pé òun yóò máa yọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, ohun tí ó tọ́ ni kí a lo ẹranko tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹni tó ni ín wà nítòsí, kí a má fún un lóògùn oorun, kí a má sì so ó mọ́ ojú títì. Àkọlé fọ́tò gbọ́dọ̀ sọ pé àgbékalẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìpatì ni a fẹ́ fi hàn, àwo òfìfo, ilẹ̀kùn títì àti okùn ọrùn tí kò sí ajá nínú rẹ̀ lè sọ ọ́ láìsí ẹranko kankan níbẹ̀ rárá.