Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe: Ọ̀nà Ààbò fún Ìrókò

"Igi kan kì í dá igbó ṣe." Nítorí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà ṣe máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá bí ìrókò ṣe ń bí sí i mu gẹ́lẹ́.

Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Igi abo nìkan ló ń so, èso rẹ̀ kò sì lè ní ọmọ nínú àfi bí akọ bá wà nítòsí tí afẹ́fẹ́ lè gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ abo. Bí èso bá dẹ̀, àdán a jẹ ẹ́, a sì fọ́n hóró rẹ̀ ká ọ̀nà jíjìn.

Láyé àtijọ́, èèwọ̀ ló ń dáàbò bo ìrókò. Àgbẹ̀ tó ń ṣán oko a yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí Olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀; àwọn mìíràn a ró o ní aṣọ funfun. Èèwọ̀ yìí gba igi là, kò gba igbó là. Nígbà tí oko kòkó, ilé kíkọ́ àti àwọn agégẹdú ti jẹ ẹgàn tán, ìrókò tó ṣẹ́ kù sáàárín oko lè gbó títí láìní àrọ́pò.

Gbígbin ìrókò nìkan sójú kan kò tán ìṣòro náà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan, Phytolyma, ń fa omi ara ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ mu. Ewé á wú kókó, kókó á jẹrà, ọ̀mùnú á kú. Níbi tí wọ́n bá gbìn ín mọ́ igi mìíràn lábẹ́ ibòòji fẹ́lẹ́, ìyà náà máa ń dín kù.

Nítorí náà, igbó lódindi ni ààbò tọ́ sí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó tó hẹ́kítà 75, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Gígé igi, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ní ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, wọ́n dáwọ́ oko dúró lórí apá kan ilẹ̀ náà, igbó sì hù padà. Wọ́n tún ń tọ́jú ọ̀gbìn igi ìbílẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú tó bá fẹ́ tọ́jú ìrókò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá akọ àti abo sí, kí ó fi igbó etí odò sílẹ̀, kí ó sì yé pa àdán nípakúpa. Hóró tí àdán kò bá gbé lọ, abẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ sí, níbi tí kò ti ní rí oòrùn tó láti dàgbà.