Tírówẹ́lì Fàdákà àti Àwọn Tí Ó Mọ Ilé

Nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ńlá kan tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú, àṣà àwọn òyìnbó ni láti pe ẹni pàtàkì kan kí ó wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Wọn a sì fi tírówẹ́lì lé e lọ́wọ́. Tírówẹ́lì tí bíríkìlà fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, irin lásán ni. Ṣùgbọ́n fàdákà ni wọn a máa fi ṣe ti ọjọ́ ayẹyẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọlá rẹ̀ a máa pẹ́ ju ẹ̀mí ẹni tí ó lò ó lọ.

Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà ni èyí tí George Washington, ààrẹ kìíní orílẹ̀-èdè náà, lò ní ọjọ́ 18 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1793, nígbà tí ó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lélẹ̀ ní olú-ìlú tuntun tí a sọ ní orúkọ rẹ̀. John Duffey, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní ìlú Alexandria, ni ó ṣe é. Ẹgbẹ́ Freemason, tí Washington wà nínú rẹ̀, tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ pẹ̀lú ìlù. Wọ́n da ọkà, wáìnì àti òróró sórí òkúta náà. Lẹ́yìn náà wọ́n sun odidi màlúù kan jẹ. Ẹgbẹ́ náà ní Alexandria ni ó tọ́jú tírówẹ́lì ọ̀hún. Wọ́n sì tún lò ó ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì ọdún 1848 fún òkúta ìpìlẹ̀ ọwọ̀n ìrántí Washington. Ohun ìyanu ni pé òkúta ti ọdún 1793 fúnra rẹ̀ ti di àwátì: a wá a títí, a kò rí i.

Ta ni ó wá mọ ilé náà? Òṣìṣẹ́ kò tó, nítorí náà àwọn alábòójútó iṣẹ́ háyà ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówó wọn. Àwọn ẹrú wọ̀nyí wa òkúta ní Aquia ní ilẹ̀ Virginia, wọ́n la pákó, wọ́n sì ru ẹrù. Láàárín ọdún 1795 sí 1801, ìgbà 385 ni a kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò pé a san owó iṣẹ́ ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó làágùn kọ́ ni ó gba owó náà. Olówó rẹ̀ ni. Washington pàápàá ní ẹrú ní oko rẹ̀ ní Mount Vernon.

Lẹ́yìn èyí, ẹrú kan tí ń jẹ́ Philip Reid wà lára àwọn tí ó rọ ère idẹ tí a pè ní Òmìnira fún orí ilé náà. Ní oṣù Épírílì ọdún 1862, òfin dá àwọn ẹrú ìlú Washington sílẹ̀. Nígbà tí a gbé ère náà dé ibi tí ó ga jù lọ ní ọjọ́ 2 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1863, Reid ti di òmìnira.

Ọdún 2012 ni a tó gbé òkúta ìrántí àwọn ẹrú náà kalẹ̀ nínú ilé ọ̀hún. Òkúta Aquia ni, ara ilé àtijọ́ ni a ti mú un, ojú irin tí a fi gbẹ́ ẹ sì ṣì hàn lára rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ ilé-ìwé lọ wo òkúta ìpìlẹ̀ ní ìlú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ tí a fín sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó rán wọn lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé ta ni ó pọn omi, ta ni ó ru iyanrìn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọwọ́ kan tí ó di fàdákà mú kò sì lè dá ilé mọ.