Fíìmù inú kámẹ́rà alawò-méjì àtijọ́

Nínú kámẹ́rà alawò-méjì, awò òkè ni ayàwòrán fi ń wo ohun tó fẹ́ yà, ti ìsàlẹ̀ ló ń ya á. Rolleiflex tí Franke & Heidecke gbé jáde ní Jámánì ní 1929 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Fíìmù 117 nìyẹn ń lò, àwòrán mẹ́fà péré. Rolleiflex Standard ti 1932 ló bọ́ sórí fíìmù 120, tó ń gba àwòrán 12. Oríire ni fún ẹni tó ní in, torí 120 ṣì wà lọ́jà.

Fíìmù 620 ti Kodak, tí wọn kò ṣe mọ́, ló ń dani láàmú jù. Fíìmù kan náà ni pẹ̀lú 120. Ọ̀pá tí wọ́n ká a sí ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí etí rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó ní Kodak Reflex lè tún 120 ká sórí ọ̀pá 620 àtijọ́ nínú òkùnkùn biribiri, iṣẹ́ sùúrù tó yẹ ní ṣíṣe.

Fíìmù 220 ti 1965 gùn ní ìlọ́po méjì 120, ṣùgbọ́n kò ní bébà lẹ́yìn. Bí kámẹ́rà bá ní fèrèsé pupa tí a fi ń ka nọ́ńbà àwòrán lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò gba ibẹ̀ ba fíìmù náà jẹ́. Yashica Mat-124 ń gba 120 àti 220.