Agboolé Ìdíje: Láti Houston dé Ìbàràpá

Kí ni ó ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì di abánidíje tí ìtàn kò ní gbàgbé? Mo fẹ́ wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sí òkèèrè, kí n tó gbé e padà wá sí ilẹ̀ Ìbàràpá.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì a máa kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ fún ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Agboolé ni èmi yóò máa pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọbàkan ni àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ rí: wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ baba kan, ṣùgbọ́n oníkálukú mọ ìdí ìyá tirẹ̀.

Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ tí a bí sí Èkó ní 1963, ni ó sọ Yunifásítì Houston di orúkọ tí a mọ̀ nílé. Ó dé ibẹ̀ ní 1980. Ní 1983, Houston dé àṣekágbá, North Carolina State sì fi àmì 54 sí 52 borí wọn. Ní 1984, Georgetown, tí Patrick Ewing ọmọ Jàmáíkà ń gbá bọ́ọ̀lù fún, fi 84 sí 75 nà wọ́n. Agboolé Southwest ni Houston wà nígbà náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1914, ó sì tú ká ní 1996. Houston wá di ẹni tí ń ṣí kiri láti agboolé dé agboolé, títí ó fi wọ Big 12 ní 2023, níbi tí ó ti tún bá Baylor, Texas Tech àti TCU pàdé, àwọn tí wọ́n jọ gbé ilé àtijọ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìyapa náà. Wọ́n tún dé àṣekágbá ní 2025, Florida sì fi 65 sí 63 gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nílé ńkọ́? Yunifásítì márùn-ún, èyíinì ni Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Nsukka àti Zaria, ni ó da NUGA sílẹ̀. Ìbàdàn ni eré àkọ́kọ́ ti wáyé ní 1966. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé Ìbàdàn gan-an ni Yunifásítì Ifẹ̀ ṣì wà nígbà náà! Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, kò sì ṣí lọ sí Ilé-Ifẹ̀ títí di 1967. Àlejò tí ó wá bá onílé díje, ìgboro kan náà ni ó ti jí. Láti ìgbà náà, Ìbàdàn ń fi ipò àkọ́bí yangàn, nítorí 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ifẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Great Ife, orúkọ tí ìyípadà 1987 sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò lè pa rẹ́. Lójú tèmi, ti Ifẹ̀ ni ó wúni lórí jù: ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi òógùn wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo Ìbàràpá. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Igbó-Ọrà láti 2006. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀. Ti Èrúwà jẹ́ ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn títí ó fi dá dúró ní 2014. Lónìí, Adéṣeun Ògúndòyìn ni a fi sọ ọ́. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ẹ̀ka, orúkọ Ìbàdàn ni òógùn ọmọ Èrúwà ń gbé ga. Ó ti ní orúkọ tirẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n agboolé kò pa òun àti Lánlátẹ̀ pọ̀: NIPOGA ni ti àwọn pólì, NICEGA ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni ìlú méjèèjì wà o! Ìlànà tí a fi pín ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀wọ́ kò mọ aládùúgbò.

Nítorí náà, ife-ẹ̀yẹ Ìbàràpá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tí kò ní béèrè irú ìwé-ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fúnni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Igbó-Ọrà ti ń gbà lálejò láti 1963, lè wá gbá tiwọn pẹ̀lú. Àjọ̀dún ìbejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní 2018 ti fi hàn pé èrò á wá. Kí Èrúwà àti Igbó-Ọrà ṣí pápá, kí onílù ki oríkì ìlú méjèèjì, kí ẹnìkan sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ó máa kọ iye àmì àti orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́.