Okùn Ẹṣin Lọ́wọ́ Vincent O'Brien
Orúkọ tó máa ń yá àwa òǹkọ̀wé Yorùbá lẹ́nu fún ẹni bíi Vincent O'Brien, gbajúgbajà ọmọ Ireland nídìí eré ẹṣin, ni "olùkọ́ ẹṣin". Kóòṣì bọ́ọ̀lù la fi wò ó, orúkọ náà kò sì gba iṣẹ́ rẹ̀ tán. Irú ẹṣin tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ẹṣin ìrandíran tí wọ́n ń ka ìlà bàbá wọn dé ọ̀dọ̀ akọ ẹṣin mẹ́ta péré tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ti jogún eré sísá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹṣin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni O'Brien fi gba Grand National ní 1953, 1954 àti 1955, níbi tí ẹṣin ti gbọ́dọ̀ máa fo ọgbà, ó sì tún gba Derby ti Epsom lẹ́ẹ̀mẹfà, níbi tí kò sí fífò rárá. Ẹṣin ń yí, ẹni tó ń gùn ún ń yí, ọwọ́ tó ń tọ́jú wọn kò yí. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló yẹ ká wá orúkọ fún.

Ẹ wo ti Nijinsky. Ẹṣin mìíràn ni O'Brien lọ yẹ̀ wò ní Kánádà lọ́dún 1968, àmọ́ Nijinsky ló wọ̀ ọ́ lójú, ló bá ní kí olówó tó rán an, Charles Engelhard, rà á. Nígbà tí ẹṣin náà dé Ballydoyle, ibùdó ẹṣin O'Brien, kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un. Inú rírun kọ lù ú nígbà tí Derby 1970 ku ọ̀la, wọn kò sì lè fún un ní oògùn tó lágbára nítorí òfin eré. Ó yá, ó sì borí. Lọ́dún náà ló gba 2000 Guineas, Derby àti St Leger, ohun tí ẹṣin kankan kò tún ṣe títí di òní. Ṣùgbọ́n làpálàpá ti bò ó ṣáájú St Leger, díẹ̀ báyìí ló sì fi pàdánù eré ńlá Paris lẹ́yìn náà. Yíyan ẹṣin, oúnjẹ, àìsàn, mímọ eré tó yẹ kó sá àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀: èwo ni "olùkọ́" gbé nínú wọn?

Olókùn-ẹṣin gbé gbogbo rẹ̀. Oyè ni ní Ọ̀yọ́, fún ẹni tí ẹṣin Aláàfin wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àwọn kan á ní oyè abọ́bakú ni, pé ó burú láti fi pe ẹni tó ń fi eré ẹṣin jẹun. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ní Balógun Ìjọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè idà. Àwọn tó ti ka Ọmọ Olókùn-Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lè ní ìsìnrú ni orúkọ náà ń mú wá sọ́kàn. Èyí ló le jù lójú mi, òun náà ló sì tún gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: ẹṣin ẹlòmíràn ni O'Brien ń sìn. Engelhard ló ni Nijinsky, Lester Piggott ni ẹlẹ́ṣin, O'Brien ló di okùn mú. Orúkọ náà tún bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí "olùkọ́" kò lè bí: a lè kọ ọ́ láìṣàlàyé pé ọdún 1994 ni ó fi okùn sílẹ̀.