ÀDÚRÀ TA NI À Ń GBÀ LÓRÍ ÌLÀ?

  

Ṣé ẹ rántí asẹ́ḿbìlì wa ní Mowo? Agogo á lù, a ó tò sórí ìlà nínú yanrìn, orin ìjọ á bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba ni o! Ọmọ Mùsùlùmí á kàn máa mi ẹnu lásán. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bọ Sákpátá, tàbí tó ń bá Zángbétò ṣọ́ ìlú lóru, á tẹrí ba. Èmi ní tèmi, mò ń kọrin sókè ni, n kò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wa sọ fún mi nígbà tó yá pé bàbá òun ní orúkọ méjì: ti ilé jẹ́ ti Mùsùlùmí, ti rẹ́jísítà jẹ́ ti ìgbàgbọ́. Láìsí èkejì yẹn, wọn ì bá má gbà á wọlé.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Ilé wa níbí náà ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1843, de Graft àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ìwé sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè òyìnbó túmọ̀ sí ibi ìtọ́jú ọmọ-ọwọ́ ìjọ. Ẹ ò rí i? Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Torí ìjọ ni wọ́n ṣe kọ́ ọmọ ní ìwé. Ní 1845, Townsend, Gollmer àti Crowther ti ìjọ CMS náà dé.

Ká má ṣe abara-mérè-jẹ, àwọn ló là wá lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí fi ọmọ wọn pa mọ́ sílé, torí wọn ò fẹ́ kó yí padà. Nítorí èyí ni ìjọba fi dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, ní Àgbádárìgì tiwa yìí ní 1899. Ní 1923, ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Ní 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tó yá, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ. Pátákó ẹnu ọ̀nà yí padà, àmọ́ orin àárọ̀ ò yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilẹ̀ wa ti 1979, àti ti 1999 ní ìpín 38, sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin ti wà nígbà tí a tò sórí ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó kà á fún wa.

Ọ̀rọ̀ náà tún dé kóòtù. Ní 2013, ìjà híjáàbù bẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Ilé-ẹjọ́ gíga dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi ní 2014, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre ní 2016. Ní June 17, 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí ìdáláre náà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, lórí ìborí!

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní ká lé Ọlọ́run kúrò ní ilé-ìwé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Owó orí gbogbo wa ni wọ́n fi ń ra ṣọ́ọ̀kì ilé-ìwé ìjọba, ti elére, ti onímàle, ti onígbàgbọ́.

Ẹ wá wo ìwé ètò ìpàdé wa ti ìjẹta. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ẹ̀sìn kan náà ni. Àwa náà ṣì wà lórí ìlà yẹn. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbàdúrà, kí a sì dákẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí kò sí nínú méjèèjì. Ìwọ tí o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí o ń mi ẹnu lásán, mo bẹ̀ ọ́, má bínú. Wá jókòó tì mí.